Olóbìnrin púpọ̀ níwájú tábìlì Olúwa: Àríyànjiyàn tó kan Kumasi, tó pín ìjọ l'Ékòó

Adum ni àárín gbùngbùn ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana. Àwọn Yorùbá tó ṣòwò nílùú náà kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì lọ́dún 1969 mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ibẹ̀ ni kàtídírà Wesley ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wà.

Thomas Birch Freeman ló gbé ìwàásù ìjọ náà dé Kumasi lọ́dún 1839. Òun kan náà ló gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842, tó sì dé Abẹ́òkúta kí ọdún náà tó parí. Abájọ tí ìbéèrè kan náà fi ń da ọmọ ìjọ láàmú níbi méjèèjì: ṣé ìgbàgbọ́ nìkan tó, àbí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa òfin mọ́?

Orí ìyàwó ni òfin náà dá lé. Láyé ìgbà náà, ọkùnrin tó ní ju ẹyọ kan lọ lè máa wá sí ìsìn, ó lè máa dáwó, àmọ́ wọn kì í fún un ní oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Bó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó lé àwọn yòókù. Ta ló bi àwọn obìnrin náà léèrè? Ẹni tó ti bímọ mẹ́ta fún ọkọ yóò kó ẹrù rẹ̀, torí pé ọkọ fẹ́ di ọmọ ìjọ kíkún.

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15, àwọn àgbà ìjọ jókòó ní Jerúsálẹ́mù lórí bóyá àwọn tí kì í ṣe Júù gbọ́dọ̀ kọlà gẹ́gẹ́ bí òfin Mósè kí wọ́n tó rí ìgbàlà. Wọ́n ní kò pọn dandan. Ibẹ̀ làwọn tó ń gbèjà olóbìnrin púpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tún ní bíṣọ́ọ̀bù àti díákónì ni Bíbélì sọ pé kó jẹ́ ọkọ aya kan, kò dárúkọ ọmọ ìjọ.

L'Ékòó, ọ̀rọ̀ náà di ìpínyà lọ́dún 1917. Àwọn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì yọ lẹ́gbẹ́ nítorí ìyàwó púpọ̀ dá United African Methodist Church sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́ja. Wọn kò kọ Jésù, wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ Mẹ́tọ́díìsì.

Àwọn Áńgílíkà náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ìpàdé Lambeth ti 1888 ní kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀, àmọ́ wọ́n lè ṣe é fún àwọn ìyàwó rẹ̀ nígbà mìíràn. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ló gbà kí wọ́n tó yí i padà. Lọ́dún 1988, wọ́n ní kí wọ́n gbà á wọlé pẹ̀lú àwọn aya rẹ̀ tó gbà gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fipá mú un lé wọn, nítorí ìyà tí yóò jẹ wọ́n láwùjọ. Kìkì pé kò gbọ́dọ̀ fẹ́ òmíràn níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì wà láàyè, kí ìjọ àdúgbò rẹ̀ sì fọwọ́ sí i.