ṢÁLÁŃGÁ ÀTI BALÙWẸ̀ NÍBI TÍ OMI Ẹ̀RỌ KÒ DÉ

 Ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbẹ̀ ló ń sun abà fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, lásìkò iṣẹ́. Níbo la ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí? Inú igbó ni. Òjò á rọ̀, á gbá a lọ sínú odò tí à ń bu mu. Ibẹ̀ ni onígbáméjì, ìgbẹ́ gbuuru àti aràn ti ń wọlé. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ lásìkò ìgbìn, ta ni yóò bá a kọ ebè?

Ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ àwọn mìíràn tó ń sun inú igbó. Ní Serengeti ní Tanzania àti Masai Mara ní Kẹ́ńyà, àwọn àlejò máa ń wá wo erin àti kìnnìún. Inú àgọ́ aláṣọ ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn, níbi tí kò sí omi ẹ̀rọ. Síbẹ̀ wọ́n ń wẹ̀, wọ́n sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

BALÙWẸ̀ WỌN: Wọ́n á fi iná igi gbé omi kaná. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á dà á sínú garawa tó gba nǹkan bíi lítà 20, wọ́n á fi okùn fà á sókè sórí òpó. Ẹnu omi oníhò wẹ́wẹ́ bí ajere wà nídìí garawa náà. Ẹni tó ń wẹ̀ á ṣí i, á fi rin ara, á tì í. Bó bá fọṣẹ tán, á tún ṣí i, á fi ṣan ara. Garawa kan tó àgbàlagbà kan wẹ̀.

ṢÁLÁŃGÁ WỌN: Kòtò jíjìn ni, àga oníhò wà lórí rẹ̀. Eérú tàbí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ṣe tán á bu díẹ̀ dà sí i, kí òórùn àti eṣinṣin lè dínkù. Bí wọ́n bá ń kó kúrò, wọ́n á dí kòtò náà.

Ní Zimbabwe, ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe ṣáláńgá mìíràn tó dára fún abà tí a ó lò pẹ́. Páìpù kan ti inú kòtò yọ sókè òrùlé, nẹ́ẹ̀tì sì bo ẹnu rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá lókè ń fa òórùn jáde. Nítorí pé inú ilé náà ṣókùnkùn, eṣinṣin inú kòtò á tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ gba inú páìpù, nẹ́ẹ̀tì á dá a dúró, á sì kú síbẹ̀. Ẹ má ṣe dé ihò irú èyí pa o. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ ṢE TIYÍN:
1. Ẹ gbẹ́ kòtò jìnnà sí kànga tàbí odò, ó kéré tán mítà 30. Kó má ṣe wà lókè kànga.
2. Bí ẹ bá kan omi nígbà tí ẹ ń gbẹ́ ẹ, ẹ dí i, kí ẹ wá ibi tó ga sí i.
3. Ẹ má da eérú tó ṣì níná sí i.
4. Ẹ jẹ́ kí omi ìwẹ̀ máa ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.
5. Ẹ gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá jáde, kó fọ ọwọ́.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Páìpù àti nẹ́ẹ̀tì tí apá ẹnì kan kò ká, ẹgbẹ́ lè jùmọ̀ rà á. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ire oko kò ní wọ́n wa o.