Nígbà tí Amẹ́ríkà Fi Ọfà Sínú Apó

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Lọ́dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè alágbára, obì àti ọfà kì í sábà jìnnà sí ara wọn: aṣojú a máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ níwájú, ọkọ̀ ogun a sì máa dúró lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, tí Port Harcourt wà lára ibi tí ó ti gbóná jù lọ, Amẹ́ríkà fi ọfà tirẹ̀ sílẹ̀ sínú apó.

Ní oṣù Keje ọdún 1967 tí ogun náà bẹ́ sílẹ̀, ìjọba Ààrẹ Lyndon Johnson kéde pé òun kò ní ta ohun ìjà fún ìhà kankan. Dean Rusk, tí ó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà, sọ pé abẹ́ ojú Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà. Èyí kò dùn mọ́ ìjọba àpapọ̀ nínú. Wọ́n ra ìbọn lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ra ọkọ̀ òfuurufú ogun lọ́wọ́ Rọ́ṣíà.

Kì í ṣe ìfẹ́ àlàáfíà nìkan ni ó dá Amẹ́ríkà dúró. Ní ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ó wà ní Vietnam ju 500,000 lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1967 kan náà, Johnson rán ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù mẹ́ta lọ ran Mobutu lọ́wọ́ ní Kóńgò, àwọn aṣòfin sì bá a wí gidigidi. A kì í ru ẹran erin lórí kí a tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀.

Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1968, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹta lábẹ́ Benjamin Adekunle gba Port Harcourt. Bí èbúté náà ti bọ́ lọ́wọ́ Biafra, ọ̀nà omi dí, ebi sì gbilẹ̀. Àwòrán àwọn ọmọdé tí ó rù kan eegun mú àánú ṣe àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹsàn-án, Richard Nixon, tí ó ń du ipò Ààrẹ, sọ pé ìpakúpa ìran ènìyàn ni ó ń lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dórí àlééfà ní ọdún 1969, kò ka Biafra sí orílẹ̀-èdè.

Oúnjẹ ni Amẹ́ríkà lò dípò ìbọn. Ní ìparí ọdún 1968, ó yọ̀ǹda ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù C-97 mẹ́jọ, mẹ́rin fún àwọn ìjọ Kristẹni, mẹ́rin fún Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa. Ṣùgbọ́n òru kan náà ni ọkọ̀ oúnjẹ àti ọkọ̀ ohun ìjà ń balẹ̀ sí Uli, èyí sì mú kí ìjọba àpapọ̀ máa fura. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1969, ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà já ọkọ̀ Alágbèélébùú Pupa kan lulẹ̀. Ẹni tí ó ní òun kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni sì wá di ẹni tí ìhà méjèèjì ń fura sí.

Ogun náà parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, láìsí pé Amẹ́ríkà rán ọmọ ogun wá jà. Gowon ní kò sí aborí, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé àwọn tí ó sá kúrò ní Port Harcourt di àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ láàárín aládùúgbò. Kò sí aṣojú ilẹ̀ òkèèrè tí ó lè bá wọn yanjú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2025, Amẹ́ríkà yọ ọfà náà: ó ju àdó olóró sí ibùdó àwọn agbébọn ní Ìpínlẹ̀ Sokoto, ìjọba Nàìjíríà sì ní àwọn fọwọ́ sí i. Yálà alágbára yọ ọfà tàbí ó fi í pamọ́, onílé ni yóò gbá ilé rẹ̀ nígbà tí ìjà bá tán.