Ilé Tuntun Ń Pọ̀ Sí I Láàrin Gbùngbùn Èkìtì: Ta Ni Yóò Ra Ọkọ̀ Panápaná?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀rọ̀ ọba nìyẹn. Ilé àgbẹ̀ tó bá jó ní Arámọ̀kọ tàbí Ìjerò nígbà ọyẹ́, tòun ti àpò kòkó tó wà ní yàrá, kò sí ẹwà kankan tí yóò bù sí i. Ohun tí bàbá arúgbó fi ogún ọdún kó jọ yóò di eérú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà tó ti Adó-Èkìtì lọ sí Ìwọ́rọ̀kọ̀, lọ́nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, yóò rí i bí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń hù bí olú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà Ìjàn, níbi tí Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà láti 2009. Lọ́nà Ìyìn àti Ìgèdè, ilé epo àti ilé ìtura ni. Yàrá ogún lábẹ́ páànù kan, sílíńdà gáàsì lẹ́nu ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé! Ìdàgbàsókè dára, inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n ewu iná ń bá a dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ọkọ̀ panápaná gbé lítà omi 10,000, tó sì ń tú 1,000 jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 10 péré ni omi náà yóò fi tán. Bó bá sì jẹ́ Adó ló ti ń bọ̀ wá sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tó ń gun òkè tó ń sọ̀, garawa àti iyanrìn àwọn ará àdúgbò ni yóò ti máa bá iná jà láti ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, ibùdó tó wà nítòsí àti omi tó ṣeé fà ni à ń wí.

Ibo ni owó yóò ti wá? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka itẹ́ òkú, ilé ìpẹran, ọjà àti ibùdókọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kò dárúkọ iná pípa. Òkú rí ẹni kà á kún, ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó ni kò rí. Ṣùgbọ́n ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, ó ní ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú títò àti ilé kíkọ́. Èyí ni pé àwọn aṣòfin Èkìtì lágbára láti sọ pé ẹni tó bá gbé pílánù wá gba òǹtẹ̀, yóò fi iye kan sílẹ̀ fún panápaná, ní ìwọ̀n bí ilé náà ṣe tóbi tó àti ewu tó wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn panápaná ìgbèríko ibẹ̀ sì ń fi kọ́ ibùdó, wọ́n ń fi ra ọkọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1987 ní kí owó náà bá ẹrù tí ilé tuntun gbé wá mu, kí ó wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí wọ́n má sì fi dí ihò àtijọ́. Owó tó pọ̀ jù a sì máa fa ẹjọ́. Ní àgbègbè El Dorado níbẹ̀, wọ́n ní kí ọkùnrin kan tó fẹ́ gbé ilé kékeré kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ara rẹ̀ san dọ́là 23,420 fún ọ̀nà mọ́tò. Ó san án, ó pẹjọ́. Ní oṣù kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé bí aṣòfin ló tilẹ̀ bu irú owó bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ẹrù ilé náà mu.

Ibi tó le níbẹ̀ ni pé owó yìí kì í san owó oṣù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ilé kan ń san án. Ọkọ̀ panápaná tí kò ní dísù tí kò sì ní awakọ̀, ibùsùn adìyẹ ni yóò dà. Owó oṣù gbọ́dọ̀ ti àpò ìpínlẹ̀ wá, tàbí láti ara owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́dọọdún.

Abúlé tí wọn kì í kọ́lé tuntun ńkọ́? Bí a bá ní kí ibi tó sanwó nìkan jẹ ẹ́, ọ̀nà Ìwọ́rọ̀kọ̀ yóò ní ọkọ̀ mẹ́ta, abúlé ẹ̀yìn Ìjerò kò sì ní rí ẹyọ kan. Èrò tiwa ni pé kí ibùdó tí wọ́n bá fi owó náà kọ́ máa sìn gbogbo abúlé tó yí i ká, kí ìpínlẹ̀ sì gbé ti àwọn ibi tó jìnnà. Kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń pa páànù ilé bàbá rẹ̀ dà, tàbí ẹni tó ń kọ́ yàrá méjì fún ara rẹ̀. Ilé epo, ilé ìtura àti onílé akẹ́kọ̀ọ́ ni kí wọ́n dojú kọ.

Kí wọ́n sì máa lẹ iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi rà mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìgèdè, Arámọ̀kọ, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ní èdè Yorùbá, kí àwọn ìjòyè àti àwọn ìyálọ́jà lè kà á, kí wọ́n sì yà wo inú ọgbà bóyá ọkọ̀ náà wà níbẹ̀.