Aṣojú Láàrin Àwọn Àjọ Ìlànà Ìmọ̀ Ẹ̀rọ: Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Bí ẹnì kan bá wà ní Ìbàdàn tí ó ń bá ẹbí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe ni ohùn rẹ̀ ń gbà kọjá. Ìlànà àjùmọ̀lò ni ó jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ náà gbọ́ ara wọn yé. Àjọ tí ó ń ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. ITU, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1865, wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé; ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè, títí kan Nàìjíríà, ni ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. IETF, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, jẹ́ ti àwọn onímọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè kópa níbẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, ìfohùnṣọ̀kan ni wọ́n sì ń wá, wọn kì í dìbò.

Nítorí pé iṣẹ́ wọn kan ara wọn, wọ́n ń yan aṣojú sí ara wọn, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà síra wọn. Báwo wá ni ọ̀rọ̀ aṣojú bẹ́ẹ̀ ti lágbára tó?

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni ìlànà tí IETF gbé jáde ní ọdún 2005, RFC 4052 àti RFC 4053, dúró lé. Ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní IAB ni ó ń yan aṣojú. Aṣojú náà kò gbọdọ̀ sọ èrò ara rẹ̀, tàbí ti ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á síṣẹ́, di ọ̀rọ̀ àjọ; ohun tí àwọn tí ó rán an ti fohùn sí ni yóò jẹ́. Bí lẹ́tà bá dé láti àjọ kejì, ó yẹ kí a fèsì, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kì í ṣe àṣẹ. Bí a ti ń gbé àbá yòókù yẹ̀ wò ni a ó gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ MPLS fi èyí hàn. IETF ni ó ṣe ìlànà yìí, èyí tí a fi ń lẹ àmì mọ́ ìsọfúnni kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tí yóò darí rẹ̀ sí. ITU bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe fún ìlò àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ńlá. IETF sì kìlọ̀ pé ìyípadà náà yóò tako ti àtẹ̀yìnwá. Ní ọdún 2008, ìgbìmọ̀ alájùmọ̀ṣe jókòó, wọ́n sì dábàá pé kí iṣẹ́ náà padà sọ́dọ̀ IETF. Síbẹ̀, àdéhùn àwọn aṣojú kò dí ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan ṣì fẹ́ ọ̀nà mìíràn láti fi máa ṣàyẹ̀wò ìlera ìsopọ̀, nígbà tí ó sì fi di ọdún 2012, ọ̀nà méjì ni ITU fọwọ́ sí. Ẹni tí ó bá ń ra ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wá béèrè èwo ni ó ń lò, nítorí ọ̀kan kò gbọ́ èdè èkejì.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àjọ àgbáyé kan ti gbà sí ohun kan, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ni ó rán an, kí ni wọ́n fohùn sí, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Aṣojú ni okùn tí ó so ilé méjì pọ̀. Àwọn onílé ni ó ni àṣẹ.