Epo Ọkọ̀ Òfurufú Láti Inú Èéfín

Bí ọkọ̀ òfurufú bá ti ń jó epo ni afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní kábọ́nì dáyọ́sáìdì ń jáde. Bí ìyẹn sì ti ń pọ̀ sí i ni ayé ń gbóná sí i.

Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé a lè sọ afẹ́fẹ́ yìí padà di epo. Wọ́n pò ó mọ́ háídrójìn, wọ́n sì mú wọn kọjá lára ìyẹ̀fun irin nínú ooru líle. Irin náà kì í di epo. Alárinà ni: ó mú àwọn méjèèjì mọra, òun alára yẹ̀ba. Nínú 100 ìwọ̀n tí ó wọlé, nǹkan bí 38 ni ó yí padà. Apá kan rẹ̀ ni ó yẹ ọkọ̀ òfurufú.

Bí a bá jó epo yìí, afẹ́fẹ́ tí a ti kó tẹ́lẹ̀ ni yóò tún jáde. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni a lè fi yọ háídrójìn lára omi. Bí ó bá ṣe èédú ni a fi dá iná náà, èéfín tí a fi ọwọ́ kan kó ni a ń fi ọwọ́ kejì tú sílẹ̀. Iná láti ara oòrùn, atẹ́gùn tàbí odò ni yóò jẹ́ kí làálàá náà lérè.