Láti Dúdú sí Búráùn: Ibi Tí Tíńtì Lè Gbé Irun Wa Dé Láìlo Bílíìṣì

Kí olùrajà má wo obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín níwájú páálí tíńtì. Kó yí páálí náà padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é sábà máa ń ya ìdì irun kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta sí, tí wọ́n á fi bí irun ṣe rí tẹ́lẹ̀ hàn, tí wọ́n á sì fi bí yóò ṣe rí lẹ́yìn tíńtì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó dúdú jù nínú àwọn ìdì yẹn ló bá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mu. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn yóò rí i pé bí ti iwájú páálí tilẹ̀ jẹ́ àwọ̀ oyin, dúdú tó pọ́n díẹ̀ ni ìdì tiwa ń dà.

Láti ọjà Balógun títí dé Trade Fair lọ́nà Badagry, páálí wọ̀nyí kún orí tábìlì àwọn tó ń ta ọjà ìṣerun. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló fẹ́ kí irun wọn kúrò ní dúdú kirimú, kó bọ́ sí búráùn, àwọn ọkùnrin náà kò sì gbẹ́yìn mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí bílíìṣì kan orí wọn. Ìbẹ̀rù wọn tọ́. Ìyẹ̀fun bílíìṣì tí àwọn onídìrí ń pò lágbára débi pé irun tó bá pẹ́ jù nínú rẹ̀ a máa nà tìtì nígbà tó bá tutù, a sì já mọ́ni lọ́wọ́. Láìsí i, ṣé irun dúdú lè di búráùn nínú ilé? Ó lè dì í, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Àìmọ ibẹ̀ ló ń ba orí jẹ́ jù.

Irun kọ̀ọ̀kan ní èèpo àti inú. Ìpẹ́ tín-ín-rín tó gun ara wọn lórí ni èèpo náà. Inú lọ́hùn-ún ni àwọ̀ wà. Mẹ́lánìn ló ń fún un láwọ̀, òun náà ló ń fún awọ ara wa ní dúdú rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà nínú irun: eumelanin, tó ń mú un dúdú tàbí búráùn, àti pheomelanin, tó ń mú un pọ́n. Nínú irun tiwa, eumelanin ló pọ̀ jù lọ.

Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ti mọ òfin ìdí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Aṣọ funfun ni wọ́n ń rẹ sínú ìkòkò ẹlú kí àdìrẹ tó jáde. Kò sí aláró tó lè ki aṣọ dúdú bọ inú aró kó sì fà á yọ ní àwọ̀ ojú ọ̀run, torí pé aró ń fi kún àwọ̀ ni, kì í yọ ọ́. Bí irun ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí ohunkóhun kò bá kọ́kọ́ dín dúdú inú rẹ̀ kù, búráùn tí a dà lé e yóò kàn rì sínú dúdú lọ ni, àfi bí oòrùn bá tàn sí i ni ènìyàn yóò rí i fìrí.

Ohun tó ń dín in kù wà nínú páálí náà. Tíńtì tó ń pẹ́ lórí máa ń ní apá méjì. Ọ̀kan gbé àwọ̀ àti amóníà, tàbí ohun tí wọ́n fi rọ́pò amóníà. Èkejì ni hydrogen peroxide, tí àwọn onídìrí ń pè ní dìfẹ́lọ́pà. Amóníà yóò mú irun wú, ìpẹ́ ara rẹ̀ yóò là, hydrogen peroxide yóò sì ráyè wọlé. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń fọ́ díẹ̀ nínú mẹ́lánìn, ó sì ń mú kí èròjà àwọ̀ tó wọlé ní kékeré so mọ́ra wọn, kí wọ́n tóbi, kí omi má sì lè fọ̀ wọ́n jáde. Nítorí náà, ẹni tó sá fún bílíìṣì tó sì lo tíńtì ṣì ń bó díẹ̀ nínú àwọ̀ irun ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé díẹ̀ náà ní ìwọ̀n, àwọ̀ tuntun sì ń wọlé bí ti àtijọ́ ṣe ń jáde.

Louis Jacques Thénard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe hydrogen peroxide ní 1818. Ní 1907, ọmọ Faransé mìíràn tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà, Eugène Schueller, bẹ̀rẹ̀ sí í po dáì irun, ó sì ń tà á fún àwọn onídìrí Paris. Ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1909 ló di L'Oréal. Inú ṣọ́ọ̀bù ni iṣẹ́ náà pọ̀ sí jù nígbà yẹn. Ọdún 1956 ni Clairol gbé Miss Clairol jáde ní Amẹ́ríkà, tíńtì tí obìnrin lè fi bó àwọ̀ irun rẹ̀ kó sì fi kùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ilé ara rẹ̀. Irú rẹ̀ ló kún orí tábìlì lónìí.

Agbára dìfẹ́lọ́pà ló ń sọ ibi tí irun yóò dé. Fọ́líọ̀mù 10 jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún hydrogen peroxide, 20 jẹ́ ìdá 6, 30 jẹ́ ìdá 9, 40 sì jẹ́ ìdá 12. Àwọn onídìrí tún ní òṣùwọ̀n fún bí irun ṣe dúdú tó, láti 1 tó jẹ́ dúdú kirimú dé 10 tó mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ irun wa kò kọjá 1 sí 3. Fọ́líọ̀mù 10 kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé irun kúrò níbi tó wà. Fọ́líọ̀mù 20 lè gbé e sókè ní ìpele kan tàbí méjì, 30 lè gbé e ní méjì tàbí mẹ́ta. Ìpele 5 ni búráùn tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí náà irun tó wà ní 3 lè débẹ̀ pẹ̀lú fọ́líọ̀mù 20. Èyí tó dúdú kirimú lè má dé ju 3 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má gbé 40 wọ ilé. Ó lè jó awọ orí.

Nọ́ḿbà tún ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú níbi kan. Ẹni tó ti mọ nọ́ḿbà átáṣimẹ́ǹtì láti kékeré, 1, 1B, 4, 27, 30, 33, yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tíńtì kó máa wá 33 kiri. Nọ́ḿbà tíńtì yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Lára ọ̀pọ̀ páálí tó ń ti Yúróòpù wá, nọ́ḿbà tó ṣáájú àmì tóótóó ń sọ bí àwọ̀ náà ṣe dúdú tó, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bóyá ó pọ́n tàbí ó tutù: 5.3 jẹ́ búráùn ìpele 5 tó ní àwọ̀ wúrà nínú, 5.1 jẹ́ búráùn ìpele 5 tó ní àwọ̀ eérú. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń lo ìlànà kan náà, nítorí náà kí ènìyàn ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ḿbà náà.

Àwọ̀ eérú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí irun dúdú ṣe ń mọ́lẹ̀, pupa ló kọ́kọ́ ń yọjú, lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ọsàn, kó tó di yẹ́lò. Ìdí nìyí tí búráùn orí wa fi máa ń pọ́n ju ti àwòrán lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ pupa yẹn lè mú tíńtì tó ní eérú nínú láti pa á. Lójú òǹkọ̀wé yìí, kí wọ́n fi pupa náà sílẹ̀: búráùn tó pọ́n rúsúrúsú bá awọ ara dúdú mu púpọ̀ ju èyí tó tutù, tó lè mú ojú ṣá.

Àwọn mìíràn a ní kẹ́míkà kankan kò ní kan orí àwọn, oyin, ọsàn àti làálì ni àwọn yóò lò. Òótọ́ ni pé oyin tí a fi omi là máa ń ní hydrogen peroxide nínú, ṣùgbọ́n ó kéré jọjọ fún irun tó dúdú bíi tiwa. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pa lórí kí wọ́n tó lọ jókòó sóòrùn léwu. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí oòrùn ń mú bínú. Bó bá ṣàn sí iwájú orí tàbí ọrùn, awọ lè lé roro, kí ojú ibẹ̀ sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Làálì ní tirẹ̀ ń fi pupa kún irun bó ṣe ń fi kún èékánná, kò sì lè sọ irun dúdú di búráùn tó mọ́lẹ̀. Èyí tó jẹ́ ojúlówó kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn làálì alápòpọ̀ kan wà tí wọ́n fi èròjà onírin sí, bí hydrogen peroxide bá bá wọn lórí, irun lè gbóná kó sì jó. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú làálì tó lò kó má fi tíńtì lé e.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dá púpọ̀ dúró ni ti dáì dúdú. Tíńtì kì í yọ tíńtì. Hydrogen peroxide inú rẹ̀ lè fọ́ mẹ́lánìn tí Ọlọ́run dá mọ́ irun, àmọ́ agbára rẹ̀ kò ká dáì dúdú tí ènìyàn ti kùn síbẹ̀. Obìnrin tó ti ń fi dáì bo irun funfun, tó wá da búráùn lé e, yóò rí i pé ìdí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù mọ́lẹ̀ yòò, ìyókù sì dúdú bó ṣe wà. Bó bá dà á lẹ́ẹ̀kejì, kò ní ju kí ìdí irun túbọ̀ mọ́lẹ̀ lọ. Irun ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, tiwa sì máa ń falẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí náà ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kúrò lórí.

Rilásà náà ń bẹ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti tú okùn inú irun kó tó na. Kí ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, wà láàrin rilásà àti tíńtì. Irun tó bá ti ń já tẹ́lẹ̀ kò yẹ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Irun tí a kò fi rilásà sí náà ní àìlera tirẹ̀: ó ká kò, gbogbo ibi tó ti ṣẹ́po ló ti rọrùn láti kán, òróró orí kì í sì í tètè ṣàn dé ṣóńṣó rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gba gbogbo èyí, tó ṣì fẹ́ ṣe é, kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Kó ṣe ìdánwò awọ bí ìwé inú páálí ṣe là á sílẹ̀, lẹ́yìn etí tàbí ní ìkáwọ́ ìgbọ̀nwọ́, kó sì dúró fún wákàtí 48. Bí ibẹ̀ bá ń yún, tó pọ́n tàbí tó wú, kó gbé páálí náà jù nù. Kó tún mú irun díẹ̀ ní ìpàkọ́, kó kùn ún, kó sì máa wo aago. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ àwọ̀ tí yóò jáde gan-an. Kó má fọ orí lọ́jọ́ tí yóò kun gbogbo rẹ̀, òróró awọ orí ń dáàbò bò ó. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun tí wọ́n dì le, tí egbò ṣì wà ní iwájú orí, kó sún un síwájú.

Kí omi ti wà nínú garawa kó tó pò ó. Níbi tí omi ẹ̀rọ ti ń lọ nígbà tó bá wù ú, èyí ló ṣe pàtàkì jù: tíńtì kì í dúró de ẹni tó ń wá ọlọ́mi kiri. Kó fi bàsílíìnì pa iwájú orí àti etí, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì po tíńtì nínú abọ́ ike, nítorí irin lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Kó pín irun sí mẹ́rin, kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, kó kọ́kọ́ kun àárín irun dé ṣóńṣó, kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sílẹ̀ ní ìdí. Ooru orí máa ń mú kí ìdí irun tètè gba àwọ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò ní ìdí irun tó pupa yàtọ̀ sí ìyókù. Ìgbẹ̀yìn ni kó kun ìdí náà, láàrin ìṣẹ́jú tí ìwé páálí là sílẹ̀. Kó fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́ gaara, kó fi kọndíṣọ́nà inú páálí sí i, kó sì da èyí tó ṣẹ́kù nù. Bó bá dé e sínú ike, ó lè bú gbàù.

Ewu tó tóbi jù wà lọ́dọ̀ èròjà p-phenylenediamine, tí wọ́n ń gé kúrú sí PPD, tó wà nínú púpọ̀ nínú tíńtì wọ̀nyí. Ara tó bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbà á mọ́ láéláé, ojú àti ìpénpéjú sì lè wú tí ẹni náà kò fi ní ríran. Ní Amẹ́ríkà ní 1933, dáì ìpénpéjú kan tí wọ́n ń pè ní Lash Lure, tí irú èròjà yìí wà nínú rẹ̀, fọ́ ojú obìnrin kan. Nítorí náà kí tíńtì irun má ṣe kan irun ojú rárá. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí PPD tó dé orí ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìkìlọ̀ ara páálí wọn sì ni pé kò wà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 16.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ náà kò ṣeé fi pamọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tó tọpa obìnrin 46,709 ní Amẹ́ríkà, rí i pé jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ ní ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún sí i láàrin àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó lo tíńtì tó ń pẹ́ lórí ju àwọn tí kò lò ó lọ. Kò fi hàn pé tíńtì náà ló fà á. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ náà sọ ní 2010 pé ẹ̀rí kò tíì tó láti dá ẹjọ́ lórí ẹni tó ń kun orí ara rẹ̀. Síbẹ̀, ó tó ìdí láti má máa kun gbogbo orí lóṣooṣù. Ìdí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan ni kí wọ́n máa tún ṣe, kó sì jìnnà síra.

Kí ẹ wo nọ́ḿbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí kí ẹ tó sanwó. Bí ìpele kan tàbí méjì bá tẹ́ yín lọ́rùn, tíńtì inú ilé lè ṣe é. Bó bá jẹ́ àwọ̀ átáṣimẹ́ǹtì nọ́ḿbà 27 lẹ ń fẹ́, ẹ wá onídìrí tó mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí kí ẹ ra átáṣimẹ́ǹtì náà kí ẹ fi dirun.