Bí Kòkòrò Ọ̀pẹ Ṣe Sọdá Òkun

Ní Àkótógbò, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá ọ̀pẹ wá ọ̀nà tí yóò fi so. Àgbẹ̀ á fi igbà gùn ún, á gé ìdì ẹyìn sílẹ̀, ó di ẹbu. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n kó igi yìí lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jìyà kí ọ̀pẹ tó so dáadáa.

Ọdún 1848 ni wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin tí ìran wọn ṣẹ̀ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ọgbà Bogor, ní erékùṣù Java. Àwọn olóko tábà ní Sumatra kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ wọn ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Adrien Hallet, ará Belgium, ló dá oko ọ̀pẹ ńlá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1911. Henri Fauconnier, ará Faransé, dá ti Malaysia sílẹ̀ ní 1917.

Igi dàgbà, ìdì ẹyìn ò kún. Wọ́n ti rò pé atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lọ bá abo, nítorí náà wọ́n háyà òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ fọ́n ọn láti igi dé igi.

Leslie Davidson, tó ti ṣiṣẹ́ oko ọ̀pẹ ní Kamẹrúùnù rí, ni kò gbà. Ó rántí pé ọ̀pẹ Kamẹrúùnù ń so láìsí ìrànlọ́wọ́. Wọ́n rán Rahman Syed, onímọ̀ nípa kòkòrò, lọ síbẹ̀, ó sì rí i: kòkòrò bíńtín tí wọ́n ń pè ní *Elaeidobius kamerunicus*. Òdòdó akọ ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń yé sí. Òdòdó abo ń ta òórùn tó jọ ti akọ. Kòkòrò á fò lọ, kò ní bá oúnjẹ, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ á kù síbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò pé kò ní ba irè oko mìíràn jẹ́, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Johor, ní Malaysia, ní 1981. Ìdì ẹyìn kún, iṣẹ́ ọwọ́ sì dópin.

Títí di àárín ọdún 1960 sí 1969, Nàìjíríà ló ṣíwájú ayé nínú epo pupa. Lónìí, nínú garawa epo mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́jọ tó ń ti Indonesia àti Malaysia wá.

Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé kòkòrò yẹn ò fi wá sílẹ̀. Irúgbìn ló kù díẹ̀ káàtó: ọ̀pẹ igbó wa ní èèpo ekùrọ́ tó nípọn, ẹran ara rẹ̀ sì kéré. Ní NIFOR, ilé ìwádìí tó wà lẹ́bàá ìlú Benin, níbi tí ìwádìí ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1939, wọ́n ń ṣe irúgbìn tẹ́nẹ́rà, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí epo rẹ̀ sì pọ̀. Bí àgbẹ̀ Àkótógbò bá gbìn ín, tí kò sì fi oògùn pa kòkòrò inú òdòdó akọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìdì ẹyìn láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin.